Ìrókò Gbọ́dọ̀ Sùn Nínú Ilé Kí A Tó Tẹ́ Ẹ

Bí ẹ bá rí obìnrin kan ní Abidjan tó wọ ilé onílé, tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tó sì kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ má bínú sí i, èmi ni. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ni. Ilẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi tẹ́: ilẹ̀ onípákó, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní parquet. Bí ẹ bá béèrè Rísíkátù ní àdúgbò Abobo, wọ́n lè wò yín lójú lásán. Ẹ béèrè Tantie Parquet, wọ́n á mú yín débẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ yá mi létí yín díẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì ní Plateau, àárín ìlú wa níbí, ló wà lọ́kàn yín, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù á ti máa fẹ́ sí yín lára. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ́ ilẹ̀ tí ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀? Ẹ wò ó, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ọwọ́ ń yún mi! Bí kì í bá ṣe ti orúnkún mi tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú mi, ẹ kì bá tí bá mi lórí ìjókòó.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, Treichville ní Abidjan níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi fẹ́ kí n máa ta aṣọ. Èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan, tí mo tún máa ń bá oníbàárà jà, ta ló máa ra aṣọ lọ́wọ́ mi? Ọ̀gá kan wà ní Abobo, ará Kétu ní ilẹ̀ Benin, Kọ́láwọlé lórúkọ rẹ̀. Pàpá Kọ́lá ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló ń tẹ́ ilẹ̀ onípákó sínú àwọn ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ ní Plateau láyé ìgbà náà. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Obìnrin?"

"Ọ̀gá, ṣé igi máa béèrè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo tún máa rí lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò pọ̀.

Ọ̀gá mi le bí ojú ẹja. Ẹ máa rò pé òòlù àti ìṣó ló kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́. Rárá o! Dídúró ló kọ́kọ́ kọ́ wa. Bí wọ́n bá já igi sílẹ̀, a máa kó o wọ yàrá tí a fẹ́ tẹ́ ẹ sí gan-an, a máa tò ó ní ìpele ìpele, a máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, a máa kó ẹsẹ̀ wa jáde. Bí onílé bá ń pariwo pé kí la ń dúró dè, ọ̀gá á ní, "Laisse-le dormir, patron. Igi náà ń sùn. Inú igbó ló ti wá, kò tíì mọ ilé yín."

Ó máa ń sọ fún wa pé ìyàwó tuntun kì í dé ilé ọkọ kó gba ilé ìdáná lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ ilé ná. Igi tí a bá kàn mọ́lẹ̀ kó tó mọ ilé, bó bá mu omi inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa yìí, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á súnkì, àlàfo á sì là sáàárín pákó débi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ yóò máa jábọ́ síbẹ̀. Ìgbà náà ni onílé á wá máa bú ẹni tó tẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Pákó kò gbọdọ̀ kan ògiri. Ó gbọ́dọ̀ kù díẹ̀, bí ìbú ìka, yí yàrá ká, kí igi lè rí ibi na ara sí. A ó wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní plinthe bo ojú àlàfo náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mo tẹ́ yàrá kan ní Plateau, mo gé gbogbo pákó rẹ̀ kó fún mọ́ ògiri pinpin, mo wá ń yan kiri bí tòlótòló. Ọ̀gá dé. Kò bú mi. Ó ní kí n fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé pákó ńlá kan, ó fi tẹ àyà mi mọ́ ògiri.

"Mí," ó ní.

Mo gbìyànjú, kò ṣeé ṣe.

"Mí, Rísí! Ṣebí ó dára bẹ́ẹ̀? Ṣebí kò sí àlàfo?"

Ọjọ́ náà ni mo tú gbogbo yàrá náà, tí mo tún un tẹ́. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá rí pákó tó kan ògiri, àyà mi ló máa ń dùn mí.

Bí a bá parí iṣẹ́, ọ̀gá á bọ́ bàtà, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti igun dé igun. Lẹ́yìn náà, á dùbúlẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, á máa wo pákó lọ títí dé ògiri ọ̀hún. Bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́ ohunkóhun, ẹ dákẹ́, ẹ gbé òòlù. Mo gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún bá a ṣiṣẹ́ lọ, nítorí mi ò tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kàwé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1999, orúnkún Pàpá Kọ́lá kò gbé e mọ́. Ìbéèrè wá dé: ta ni ilé iṣẹ́ máa bọ́ sí lọ́wọ́? Nínú gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa méjì ló kù níbẹ̀, èmi àti Séídù. Séídù kéré sí mi, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó ti ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fá ojú pákó, ponceuse, ariwo rẹ̀ ń lé ẹyẹ kúrò lórí òrùlé. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àǹtí Rísí, le monde a changé, ayé ti yí padà, ẹ ṣì ń dúró de igi kó jí lójú oorun." Àwọn aládùúgbò sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé a kì í fi ilé iṣẹ́ ọkùnrin sílẹ̀ fún obìnrin.

Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ilé kan wà ní Songon, ti Aláájì Mùfú. Ìwọ nìkan ni kó o ṣe é. Mi ò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, màá wá rìn ín. Bí ilẹ̀ náà bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ilé iṣẹ́ di tìrẹ. Bí kò bá dùbúlẹ̀, Séídù ló ni ín. Tu as compris?"

Ṣé mo gbọ́? Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ sórí iná, ó jóná mọ́ ìkòkò!

Láti Abobo dé Songon kì í ṣe ìrìn eré. Ẹ ó wọ gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré ibí, dé Adjamé, ẹ ó tún wá gbaka mìíràn tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, àpótí iṣẹ́ á wà lórí itan yín. Ṣùgbọ́n ilé náà dùn ún wò! Àdúgbò tuntun ni, kò jìnnà sí ọ̀sà. Aláájì Mùfú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Adjamé, ti rí ilẹ̀ onípákó ní báǹkì kan, ó sì ti búra pé tòun náà máa rí bẹ́ẹ̀. Ìrókò ló rà, kò fẹ́ igi mìíràn. Ìrókò gidi tó dà bí oyin tí oòrùn tàn sí.

Mi ò tíì fọwọ́ kan igi tí mo fi gé ọ̀rá kan, mo tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì, mo fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, ó ń dán wínrínwínrín. Mo pe Aláájì.

"Tantie, sìmẹ́ǹtì yìí ti gbẹ, regarde, ó ti funfun! Mo ti pe gbogbo èèyàn mi fún ìṣílé."

"Aláájì, òkè rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ wo inú ọ̀rá."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ça, c'est quoi?"

"Òógùn ilé yín ni. Bí mo bá tẹ́ igi lé e, igi ló máa mu ún."

Ó pòṣé, ó yí fìlà, ó rìn lọ rìn bọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. A ṣí fèrèsé, a fi atẹ́gùn lé omi jáde títí ọ̀rá mi fi gbẹ. Igi wọlé, igi sùn. Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù bí wọ́n ṣe máa tàn án bí wọ́n bá kó dé, kí igi lè mọ ilé náà bó ṣe máa rí gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo wá kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Háà, ẹ̀yin ọmọ, pákó ń wọ inú pákó bí ìka ṣe ń wọ ìka! Mo fi àlàfo Pàpá Kọ́lá yí gbogbo yàrá ká. Nígbà tí mo kun fánísì tán, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo jó nìkan.

Mo kìlọ̀ fún Aláájì pé omi ò gbọdọ̀ dà sórí ilẹ̀ náà, pé aṣọ tí a fún gbẹ ni kí wọ́n máa fi nù ún. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ni ìyá rẹ̀, tó ṣì wà lójú ọ̀nà láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń bọ̀ wá bá ọmọ rẹ̀ ṣílé.

Ìṣílé ku ọ̀la, awakọ̀ Aláájì dé sí Abobo, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Tantie, ilẹ̀ ti dìde."

"Ilẹ̀ wo ló ń dìde?"

"Il faut venir voir. Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá Aláájì dé láàárín ọ̀sẹ̀, ó bá ilé tuntun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin ilé wa kì í jẹ́ kí ọmọ òun kó sínú ilé tí erùpẹ̀ bíríkìlà ṣì wà nínú rẹ̀. Aláájì ti lọ sọ́jà, ìyàwó rẹ̀ lọ ra èlò ọbẹ̀. Ìyá kó àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ jọ, wọ́n sán aṣọ mọ́dìí, wọ́n pọn omi garawa garawa, wọ́n da ọṣẹ sí i, wọ́n fi orin àti ìgbálẹ̀ fọ ilé láti yàrá inú dé ẹnu ọ̀nà. Ó mọ́ lóòótọ́! Nígbà tí wọ́n sì sọ fún ìyá pé ìrókò ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀rù ba òun. Ó tún bu omi tútù sínú abọ́, ó ń wọ́n ọn sí igun kọ̀ọ̀kan: ilé tútù, ọ̀nà tútù, igi ńlá má bínú.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnu ọ̀nà ti di òkè kékeré. Nínú pálọ̀, etí pákó kọ̀ọ̀kan ti gbé sókè, àárín rẹ̀ jìn. Mo bú sẹ́kún. Mi ò tijú. Mo rí ilé iṣẹ́ Pàpá Kọ́lá tó ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá àgbà náà jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wò mí.

"Ọmọ mi, ẹ tẹ́ ìrókò sílẹ̀ fún èèyàn láti máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá ní kí n má tù ú lójú?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ariwo ọkọ̀. Séídù ni, òun àti ponceuse rẹ̀. Aláájì ló ránṣẹ́ pè é.

"Àǹtí Rísí, ẹ kú ìrọ́jú," Séídù wí. "Aláájì, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, màá ti fá a, á tẹ́jú bíi dígí. Vos invités, àwọn àlejò yín, ò ní mọ nǹkan kan."

"Fá a," Aláájì wí. "Vite, vite!"

Mo sáré, mo lọ jókòó sórí òkè ẹnu ọ̀nà náà. "Bí ẹ bá máa fá a, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara mi!"

"Tantie, ẹ dìde o! Gbogbo Adjamé ló ń bọ̀ nílé mi lọ́la!"

"Aláájì, abẹ́ igi ló mu omi, ìyẹn ló gbé etí rẹ̀ sókè. Bí ó bá fá etí náà lónìí, á tẹ́jú lọ́la. Nígbà tí abẹ́ bá gbẹ, etí á sọ̀ kalẹ̀, àárín á wá ṣẹ́kù lókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Igi tí a ti fá dànù, ta ló máa bá yín lẹ̀ ẹ́ padà?"

"Ẹ ò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé á gbẹ," Séídù wí. Kò purọ́. Mi ò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo kọjú sí ìyá.

"Ìyá, nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, báwo ni ẹsẹ̀ yín ṣe rí?"

"Ó wú ni! Bàtà ò wọ̀ ọ́."

"Ṣé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kó lè wọ bàtà?"

Ìyá wò mí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ponceuse. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mùfú!"

"Ìyá mi." Aláájì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ilé rẹ ló wú. Èmi ni mo da omi sí i, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé e. Pàgọ́ síta, kí àlejò jẹun níbẹ̀."

"Ìyá, les gens vont parler."

"Jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹnu wọn ni."

Séídù kó ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. "Ọyẹ́ ń bọ̀, Àǹtí Rísí," ó ní. "On va voir. A ó rí i."

Ìṣílé wáyé níta lábẹ́ àtíbàbà, àwọn èèyàn sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Bí àlejò ṣe lọ tán, mo tú gbogbo plinthe. Ẹ wá wo nǹkan! Àlàfo oníbùú ìka tí mo fi sílẹ̀, igi ti wú jẹ ẹ́ tán, ó ku bí ìwé pẹlẹbẹ kan. Ibi tí kò ti sí àyè tó, lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ni òkè ti yọ. Bí mo bá ti fún pákó mọ́ ògiri bíi ti ìgbà èwe mi, gbogbo ilé ni ì bá di òkè. Mo kígbe "Pàpá Kọ́lá o!" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé sáré wọlé.

Mo yọ pákó ẹnu ọ̀nà tó ti bàjẹ́, mo ṣí fèrèsé, mo gbé fáànù sílẹ̀, mo ní kí wọ́n má fi iná tàbí ooru kankan sún mọ́ ọn. Igi tí a bá fi ipá gbẹ á là. Ó ku ká dúró. Ìyá Aláájì kọ̀, kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ò ní fi aláìsàn sílẹ̀ lọ. Òun ló di ọlọ́pàá ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbé ife omi wọ pálọ̀, ẹ̀yin ẹ gbọ́ igbe! Nígbàkigbà tí mo bá dé, á ti na àtẹ́lẹwọ́ sí mi: "Mo fọwọ́ pa á láàárọ̀. Ó ti ń rẹlẹ̀."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Rísíkátù, mo ti gbọ́ pé omi ò dára fún un. Níbo ni kí n wá máa da omi tútù mi sí? Ilé tí a kò da omi tútù sí, ọkàn mi ò lè balẹ̀ níbẹ̀."

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn, títí mo fi wo ihò tó wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti yọ pákó. Èé ṣe tí mo tún fẹ́ fi igi dí i? Mo wá òkúta pẹlẹbẹ kan tó dára, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju igi lọ, kó sì dà gẹ̀rẹ́ síta kí omi lè ṣàn jáde. Mo fi àlàfo sáàárín òun àti pákó, mo fi ohun rírọ̀ dí i. Ìyá bu omi, ó dà á, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ síta. Ó di mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà mí lulẹ̀!

Ọyẹ́ dé. Ètè wa bó, Pàpá Kọ́lá sì fi ọ̀pá tilẹ̀ dé Songon. Séídù tẹ̀ lé e. Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti yàrá inú. Mi ò mí. Ó rìn pálọ̀ já. Ó fi ìnira dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Igi dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo. Ó dìde, ó tún di ojú, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan òkúta.

"Kí nìyí?"

"Ibi omi mi ni," ìyá Aláájì dáhùn. "Ọmọ yín ló ṣe é fún mi."

Ọ̀gá la ojú. Ó wo òkúta, ó wo ìyá, ó wò mí. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́," ó ní, "mo ń béèrè lọ́wọ́ igi, mo ń béèrè lọ́wọ́ sìmẹ́ǹtì. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ìyá onílé rí." Ó ki ọwọ́ sínú àpò, ó yọ òòlù onígi rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó fi í lé mi lọ́wọ́. Mo fò sókè bí ọmọdé. Séídù ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó sì bá mi ṣiṣẹ́ títí, nítorí ilẹ̀ tó bá gbẹ ṣì nílò fífá, ponceuse rẹ̀ sì dára.

Láti ìgbà náà, nǹkan yí padà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rọ kékeré dé tó ń wọn omi inú igi, ẹ máa kì í bọ igi ni, nọ́ńbà á yọ. Mo rà á, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ju ọ̀rá mi nù. Pákó oníbébà láti China dé tó ń há mọ́ra wọn láìsí ìṣó. Mo yínmú sí i, mo tún kọ́ ọ. Ohun tí kò yí padà ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ sùn nínú ilé kí a tó tẹ́ wọn, gbogbo wọn ló fẹ́ àlàfo. Mo sì fi ìbéèrè kan kún un, tí mo máa ń bi onílé kí n tó ṣí àpótí mi: "Ta ló ń bọ̀ wá fọ ilé yìí?" Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n á rántí ìyá wọn. Òkúta omi tí mo ti tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ní ìlú yìí pọ̀!

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá. Ẹ múra orúnkún sílẹ̀, ẹ sì múra sùúrù.

Ní ọdún 2011, nígbà tí ìjà ìdìbò dé, tí ìbọn ń dún ní Abobo, mo ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́, mo fi òòlù Pàpá Kọ́lá sábẹ́ aṣọ, mo jáde. Kò sí gbaka. Mo rìn, mo sá pamọ́, mo tún rìn. Nígbà tí mo fi máa dé Songon lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, orúnkún mi ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ láyé. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè lọ bá. Ilé Aláájì kún fún èèyàn tí wọ́n sá wá bíi tèmi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi wú, mi ò lè bọ́ bàtà.

Ìyá Aláájì jáde. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri. Mo kí i, ó dá ohùn mi mọ̀. Ó lọ bu omi tútù, ó dà á sórí òkúta náà níwájú ẹsẹ̀ mi. "Ilé tútù, Rísíkátù. Ọ̀nà tútù." Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nu etí òkúta, kí ẹ̀kán omi kan má bàa kan pákó.

"Igi náà ń sùn," ó ní. "Ìwọ náà, wọlé wá sùn."

Ó bá mi bọ́ bàtà. Mo dùbúlẹ̀ lórí ìrókò tí mo tẹ́, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mo wò ó lọ títí dé ògiri. Ó tẹ́jú. Mo sùn.